Bangkok àti Kuala Lumpur: Èwo Ló Yẹ Ọ̀rẹ́ Méjì Tí Owó Wọn Kò Pọ̀?

Oríṣi owó méjì ni ọ̀rẹ́ méjì máa ń ná lẹ́nu ìrìn-àjò. Bí wọ́n bá mọ èyí kí wọ́n tó gbéra, ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ni wọn yóò fi sílẹ̀ sílé. Àkọ́kọ́ ni owó tó ṣeé pín: owó yàrá oníbùsùn méjì, owó takisí, owó àwo oúnjẹ ńlá kan tí a gbé sáàárín tábìlì. Èkejì kò ṣeé pín rárá: owó físà, owó ọkọ̀ òfuurufú, àti owó ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó wọlé wo ohun tó wá wò. Ọmọ Nàìjíríà nílò físà fún Thailand, ó sì nílò rẹ̀ fún Malaysia, nítorí náà n kò fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n. Ẹnu ọ̀nà ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni mo fi ń wọn Bangkok, olú-ìlú Thailand, mọ́ Kuala Lumpur, olú-ìlú Malaysia, fún ẹni méjì tó fẹ́ fi owó díẹ̀ rí ohun púpọ̀.

Ọdún 1782 ni Ọba Rama Kìíní sọ Bangkok di olú-ìlú, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin ńlá tí gbogbo àlejò ń wọ́ lọ. Baht 500, owó ilẹ̀ Thailand, ni àjèjì ń san kó tó wọ ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ Thailand. Èyí kò bí mi nínú, nítorí inú ọgbà ààfin yẹn ni tẹ́ńpìlì tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ wọn wà, ilé ìjọsìn tiwọn ni. Ṣùgbọ́n baht 1,000 ni ọ̀rẹ́ méjì yóò kà sílẹ̀, kò sì sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá sí i. Bí èjìká tàbí orúnkún wọn bá wà níta, wọn kò ní wọlé, àwọn tó ń ta ṣòkòtò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ti wà létí ọ̀nà tí wọ́n ń retí wọn. Ìrìn díẹ̀ sí gúúsù ààfin ni tẹ́ńpìlì Wat Pho wà. Ère Búdà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀ gùn tó mítà 46, ó sì ga tó mítà 15. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, tí wọ́n fi ìkarahun dídán ya àwòrán sí, ga ju ènìyàn tó dúró lọ. Baht 300 nìyẹn. Ní òdìkejì odò Chao Phraya ni Wat Arun wà, ilé gogoro tí wọ́n fi àfọ́kù tánganran ilẹ̀ Ṣáínà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Baht 200. Ẹni tó bá wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan ti ná baht 1,000 kó tó ra oúnjẹ, ẹnì kejì rẹ̀ náà sì ti ná iye kan náà.

Bí owó bá há, ààfin ni n ó fi sílẹ̀. Èrò ibẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n á máa ti ara wọn síwájú débi pé ojú kò ní ráyè sinmi lórí ohunkóhun. Wat Pho láyè láti jókòó, ibẹ̀ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ ìfọwọ́ra tí àwọn ará Thailand fi ń yangàn wà. Ní ti Wat Arun, etídò tó kọjú sí i ni ẹwà rẹ̀ ti yọ jù, pàápàá nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó dúró létídò.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ní ìlú yẹn wà ní Wat Traimit, lẹ́nu àdúgbò Yaowarat tí àwọn ará Ṣáínà ń gbé. Ère Búdà kan wà tí wọ́n ti rẹ́ mọ́ inú ìrẹ́ láti ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó kà á kún. Ní 1955, nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí ilé tuntun, ó já bọ́, ìrẹ́ ara rẹ̀ ṣí kúrò, wúrà sì yọjú. Ó wọ̀n tó tọ́ọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀. Ó jọ pé ìbẹ̀rù ogun ló mú kí àwọn ará ìgbàanì fi ìrẹ́ bò ó kí ọ̀tá má bàa kó o lọ. Owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kò sún mọ́ ti ààfin rárá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àlejò tó ti ná gbogbo owó wọn tán sí ààfin kì í débẹ̀ mọ́.

Kuala Lumpur kò ní ààfin tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ fún àlejò láti wọ̀, kò sì sí ilé kan níbẹ̀ tí n ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Wat Arun kí n ní wọ́n dọ́gba. Ohun tó fi borí ni pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ KL Sentral, ẹ sọ̀ ní Batu Caves níbi tí ọ̀nà rẹ̀ pin sí. Ère Murugan, òrìṣà àwọn Híńdù, dúró níwájú òkè, ó ń dán bíi wúrà, ó ga ju mítà 42 lọ. 2006 ni wọ́n ṣí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àtẹ̀gùn 272 gbà lọ sókè, tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀ ní 2018. Bí ẹ bá gùn ún tán, ẹ ó bá ara yín nínú ihò àpáta tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ń gba òkè rẹ̀ wọlé sórí àwọn ojúbọ. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gun àtẹ̀gùn yìí. Kí ẹ ṣáà múra dáadáa, kí orúnkún má wà níta, kí ẹ sì pa ohun jíjẹ mọ́ nítorí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ń já a gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Bákan náà ni ní àárín ìlú. Mọ́sálásí Jàmíù àtijọ́, Masjid Jamek, tí wọ́n kọ́ parí ní 1909, wà níbi tí odò Klang àti odò Gombak ti pàdé. Mọ́sálásí ti ìjọba àpapọ̀ wọn, Masjid Negara, ti wà láti 1965. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè wọ méjèèjì nígbà tí kì í ṣe àkókò ìrun, wọ́n á sì yá a ní aṣọ àwọ̀lékè tí aṣọ rẹ̀ kò bá bójú mu. Tẹ́ńpìlì Thean Hou tí àwọn ará Ṣáínà kọ́ sórí òkè kò béèrè owó. Pápá Merdeka, níbi tí wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ lóru mọ́jú ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1957, ọdún mẹ́ta kí tiwa tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, kò béèrè owó. Àwọn ilé gogoro Petronas, tí wọ́n ga ní mítà 452 tí wọ́n sì ga ju gbogbo ilé ayé lọ láti 1998 títí di 2004, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbowó ńlá lọ́wọ́ àjèjì tó bá fẹ́ gun afárá tó so wọ́n pọ̀. Ẹ má gùn ún. Ọgbà tó wà ní ìsàlẹ̀ wọn dùn jù ú lọ. Roberto Burle Marx, ọmọ Brazil, ló ya àwòrán ọgbà náà. Lálaalẹ́ ni omi ń tú sókè pẹ̀lú iná aláràbarà, tí tọkọtaya, ọmọdé àti arúgbó ń jókòó wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà nìkan ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bangkok ní odò Chao Phraya, odò yìí sì lè yí ìdájọ́ padà. Ọkọ̀ ojú omi alásìá ọsàn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ń wọ̀, ń gba nǹkan bíi baht 16, ibi yòówù kí ẹ ń lọ lójú odò náà. Ẹ ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì, ọjà òdòdó, ilé ìtura olówó ńlá àti ilé pákó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi. Wọ́n ní ọkọ̀ mìíràn fún àwọn àlejò, tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, lórí odò kan náà. Ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn sọdá sí Wat Arun kò gbà ju baht díẹ̀ lọ. Ipa odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ tún wà, Saen Saep, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sáré gba ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn kọjá. Agbowó ọkọ̀ á dé akoto, á máa rìn létí ọkọ̀ gba owó, àwọn èrò á sì máa fa tapólì sókè kí omi má bàa ta sí wọn lára. Kò sí ohun kankan ní Kuala Lumpur tó lè dúpò èyí. Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Bangkok lè jẹ ìdajì ọ̀sán yín, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ojú irin orí afárá, BTS, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 1999, fi wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé BTS àti ọkọ̀ ojú omi, orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó lé. Wíwà pọ̀ yín kò dín in kù.

Ní Kuala Lumpur, ọ̀nà tóóró ẹlẹ́sẹ̀ a máa dédé pin sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀, òjò ọ̀sán a sì máa dé láìkìlọ̀. Ẹni tó dá rìn yóò ráhùn. Ẹni méjì yóò pe ọkọ̀ lórí áàpù Grab, wọn yóò pín owó rẹ̀ sí méjì, wọn yóò sì dé ibi tí wọ́n ń lọ láìrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè. Ọ̀pọ̀ ará Malaysia gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà ABD tí a mọ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ orúkọ òpópónà wọn, nítorí náà ẹ kò nílò afinimọ̀nà tí ẹ ó sanwó fún. Àwọn ọmọ wa tó ti kàwé ní yunifásítì ibẹ̀ kò kéré, ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò gùn. Kò sí ìlú tó fi ebi pa olówó kékeré nínú méjèèjì. Ní Bangkok, ẹ ó rí som tam, ìbẹ́pẹ dúdú tí wọ́n gún pẹ̀lú ata nínú odó lójú yín. Ata rẹ̀ kò ní dẹ́rù ba ọmọ Yorùbá. Ní Kuala Lumpur, nasi lemak, ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn rírin sè, pẹ̀lú ata díndín, ẹ̀pà àti ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ, wà nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní àárọ̀. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni ti ìjókòó. Ilé oúnjẹ àwọn Mùsùlùmí ọmọ Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní mamak, kì í lé ènìyàn: ife tíì onímílíìkì kan àti roti kan, ẹ lè jókòó sọ̀rọ̀ di òru. Lórí àga pẹpẹẹpẹ etí títì Yaowarat, ẹlòmíràn ti dúró lẹ́yìn yín kí ẹ tó jẹun tán.

Àǹfààní ọ̀rẹ́ kan wà tí kò sí nínú ìṣirò. Létí ààfin Bangkok, ọkùnrin tó múra dáadáa lè sún mọ́ àlejò, kó ní, “Ààfin ti tì lónìí,” kó sì fi tuk-tuk, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta olówó pọ́ọ́kú, lọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù òkúta iyebíye ni yóò gbé e lọ, níbi tí wọ́n á ti máa rọ̀ ọ́ kó rà. Ẹni tó dá wà lè gbà á gbọ́. Ẹni tó ní ọ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò gbọ́ tí ìyẹn ń sọ pé, “Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ká fojú ara wa rí i ná.”

Ìdájọ́ mi nìyí. Ẹni tó ń dá lọ, Bangkok ni kó lọ: ibùsùn kan ní ilé ìtura olówó pọ́ọ́kú, ọkọ̀ ojú omi, Wat Pho, owó rẹ̀ yóò tó o. Ọ̀rẹ́ méjì tí owó wọn kò pọ̀, Kuala Lumpur ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọn yóò ná níbẹ̀ ló ṣeé pín, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọn yóò wò ló sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ọkàn ọ̀kan nínú yín bá ṣì fà sí odò Chao Phraya, ẹ má jẹ́ kó dákẹ́ sínú. Ọkọ̀ òfuurufú láti ìlú kan sí ìkejì kò gbà ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí, ẹ jọ jókòó, ẹ kọ gbogbo ẹnu ọ̀nà tí ẹ fẹ́ sanwó sí sílẹ̀, kí kálukú sì mú owó tirẹ̀ lọ́wọ́ láti ilé.