Fìlàmíńgò, Ẹyẹ Adágún Káún

Obìnrin tí ń se ẹ̀wà mọ káún. Ó mọ̀ pé bí òun bá bu díẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ̀wà a tètè rọ̀; ó sì mọ̀ pé bí ó bá pọ̀ jù, oúnjẹ náà kò ní ṣeé fi sẹ́nu. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé odindi adágún kan lè jẹ́ omi káún, tí etí rẹ̀ dì gbagidi bí iyọ̀, yóò sọ pé kò sí ẹ̀dá alààyè tí ó lè fi irú ibẹ̀ ṣe ilé. Ṣùgbọ́n irú adágún bẹ́ẹ̀ ń bẹ ní ìlà-oòrùn Áfríkà, ẹyẹ kan sì wà tí ń jẹun níbẹ̀, tí ó sì ń pamọ níbẹ̀. Fìlàmíńgò ni orúkọ ẹyẹ náà. Láti àgógó rẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, omi yìí ni ara rẹ̀ bá mu. Inú omi yìí kan náà ni ewu rẹ̀ sì wà.

ÌRÍ RẸ̀

Irú fìlàmíńgò mẹ́fà ni ó wà ní ayé. Mẹ́rin ń gbé ìhà Amẹ́ríkà, títí kan erékùṣù Kúbà. Méjì ni ti Áfríkà, a sì tún ń rí wọn ní apá kan Éṣíà. Èyí ńlá sì dé gúúsù Yúróòpù pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dé etíkun Sẹ̀nẹ̀gà àti ti Mọriténíà lè rí irú méjèèjì. Fìlàmíńgò ńlá lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, ṣùgbọ́n fìlàmíńgò kékeré kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Èyí kékeré ni ó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn. A fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ó ju mílíọ̀nù kan lọ ní àwọn adágún Kenya àti Tanzania.

Ọrùn rẹ̀ gùn bí ti agùfọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá rí i ni ó máa ń sọ pé ẹ̀yìn ni orúnkún rẹ̀ ń ká sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríkèé tí wọ́n ń wò ní agbede-méjì ẹsẹ̀ náà, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Orúnkún gan-an wà lókè lẹ́bàá ikùn, ìyẹ́ sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹyẹ yìí a máa fi ẹsẹ̀ kan dúró fún wákàtí púpọ̀, a sì máa sùn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà fi ìdí rẹ̀ hàn. Wọ́n gbé òkú fìlàmíńgò nàró lórí ẹsẹ̀ kan, kò sì ṣubú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ méjì gbé e dúró, kò ṣeé ṣe. Ìwúwo ara rẹ̀ ni ó ń mú oríkèé rẹ̀ dúró ṣinṣin, nítorí náà kò fi agbára ṣòfò bí ó ti ń sinmi lórí ẹsẹ̀ kan.

ÀGÓGÓ ÀTI OÚNJẸ RẸ̀

Àgógó fìlàmíńgò tẹ̀ ní àárín bí ìgbà tí ènìyàn bá ká ìgbọ̀nwọ́. Bí ó bá fẹ́ jẹun, a tẹ orí ba, a sì yí i padà tó bẹ́ẹ̀ tí òkè àgógó náà di ìsàlẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ nípọn. A máa lọ síwá sẹ́yìn kíákíá bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, a fa omi wọlé, a sì tún tì í jáde. Ní etí àgógó náà ni ohun wẹ́wẹ́ bí irun wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn ni asẹ́ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí obìnrin ti ń sẹ́ ògì ni ó rí, àfi pé ohun tí ó bá kù sínú asẹ́ ni fìlàmíńgò ń gbé mì, èyí tí ó bá kọjá ni ó ń dà nù.

Asẹ́ fìlàmíńgò ńlá fẹjú díẹ̀, nítorí náà edé wẹ́wẹ́, ìdin kòkòrò omi àti ìgbín omi kéékèèké ni oúnjẹ rẹ̀. Asẹ́ ti èyí kékeré kúnná gidigidi. Ohun tí ó ń sẹ́ jáde kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀: ohun abẹ̀mí aláwọ̀ ewé kan ni, tí a ń pè ní spirulina, tí ń sọ omi káún di ewé bí ọbẹ̀ ewédú. Kì í ṣe ẹyẹ nìkan ni ó mọ adùn rẹ̀. Ní ẹ̀bá adágún Chad, àwọn obìnrin Kanembu a máa kó o lójú omi, wọ́n a sá a gbẹ, wọ́n a sì fi se ọbẹ̀; dihé ni wọ́n ń pè é.

Fìlàmíńgò kékeré kan a máa jẹ nǹkan bí gíráàmù 60 nínú rẹ̀ lójúmọ́, bí a bá wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ. Bí ẹyẹ náà bá pé mílíọ̀nù kan, èyí di tọ́ọ̀nù 60 lójoojúmọ́. Adágún tí yóò bọ́ wọn kò gbọdọ̀ yà kúrò nínú ohun tí ó jẹ́.

ÀWỌ̀ RẸ̀

Kì í ṣe pé a bí fìlàmíńgò pẹ̀lú àwọ̀ pupa. Bí ọmọ rẹ̀ bá yọ nínú ẹyin, bí eérú ni ó rí, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò sì fi jẹun kí ara rẹ̀ tó pọ́n. Inú oúnjẹ ni àwọ̀ náà ti ń wá. Ẹbí kan náà ni ohun tí ń pọ́n ọn jẹ́ pẹ̀lú èyí tí ń pọ́n epo pupa. Ẹni tí ń sin adìẹ mọ irú nǹkan yìí: bí adìẹ bá ń jẹ àgbàdo pupa, inú ẹyin rẹ̀ a pọ́n, bí ó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó ń jẹ, inú ẹyin náà a funfun. Fìlàmíńgò tí a sé mọ́lé, tí a kò fún ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, a ṣì padà di funfun bí lékèélékèé.

Ní ilẹ̀ Spéìn, àwọn onímọ̀ rí i pé bí àkókò gígùn bá sún mọ́, fìlàmíńgò ńlá a máa fi orí rẹ̀ ra epo pupa kan tí ń jáde ní ìdí rẹ̀, a sì fi kun ìyẹ́ ara rẹ̀ bí ìyàwó tí ń kun osùn. Nígbà tí ó bá ti bí ọmọ tán, kò ní àyè oge mọ́.

ÌTẸ́ ÀTI ỌMỌ RẸ̀

Títí di ọdún 1954, àwọn onímọ̀ kò mọ ibi tí fìlàmíńgò kékeré ti ìlà-oòrùn Áfríkà ń yé sí. Ní ọdún náà ni Leslie Brown, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ní Kenya tí ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, rí wọn láti inú ọkọ̀ òfuurufú ní àárín adágún Natron, ní àríwá Tanzania. Orúkọ adágún náà gan-an, káún ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó gùn tó nǹkan bí máìlì 35, ṣùgbọ́n jíjìn rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ooru ẹrẹ̀ rẹ̀ sì lè tó ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Brown gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi ìtẹ́ wọn. Ọ̀nà jìn ju bí ó ti rò lọ. Ó ń rì sínú ẹrẹ̀, káún kún inú bàtà rẹ̀, ó sì bó ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó lò ní ilé ìwòsàn. Ohun tí ojú rẹ̀ rí yìí ni ìdí tí ẹyẹ náà fi yan ibẹ̀: ìkookò tí ó bá fẹ́ jẹ ẹyin wọn gbọ́dọ̀ la irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ fìlàmíńgò ní tirẹ̀ le bí ìpẹ́, káún kì í ran án.

Ẹrẹ̀ yìí ni akọ àti abo fi ń mọ ìtẹ́, tí ó ga sókè bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, kí omi àti ooru ilẹ̀ má baà dé ibi ẹyin. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo ń yé, àwọn méjèèjì ni ó sì ń sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 28. Àgógó ọmọ náà tọ́ nígbà tí ó bá yọ, kò sì lè sẹ́ omi. Nítorí náà bàbá àti ìyá a máa pèsè wàrà fún un láti ọ̀nà ọ̀fun wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹyẹlé ti ń ṣe fún ọmọ tirẹ̀. Wàrà fìlàmíńgò pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ara àwọn òbí ni pupa náà ti ń lọ, ìyẹ́ wọn a sì ṣì bí ọmọ ti ń dàgbà.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ àwọn ọmọ a kúrò nínú ìtẹ́, wọn a sì kó ara wọn jọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: àgbà díẹ̀ a máa bá agbo náà rìn, nígbà tí àwọn yòókù bá lọ wá oúnjẹ. Bí òbí bá dé, ohùn ni ó fi ń mọ ọmọ tirẹ̀ láàárín gbogbo wọn. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ọmọ náà lè fò.

EWU TÍ Ó DOJÚ KỌ Ọ́

Káún tí ń dáàbò bò wọ́n lè pa wọ́n pẹ̀lú. Ní ọdún 1962, omi kún Natron ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn ẹyẹ náà sì lọ yé sí adágún Magadi ní Kenya. Káún ti ibẹ̀ le jù. Ó dì yí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ká bí ṣẹkẹṣẹkẹ, wọn kò sì lè rìn. Àwọn ènìyàn wọ inú omi lọ, wọ́n ń fi òòlù fọ́ ọ kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún là.

Ní ọdún 2006, a gbèrò láti kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá létí Natron láti máa wa káún tí a fi ń ṣe gíláàsì àti ọṣẹ. Iṣẹ́ àti owó tí èyí lè mú wá kì í ṣe ohun kékeré fún àwọn ará ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ẹyẹ náà tako o, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ó ti ń pamọ déédéé ní gbogbo ìlà-oòrùn Áfríkà. Ní ọdún 2008, àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ọ fà sẹ́yìn. Káún náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn tí ó fẹ́ rà á sì ṣì wà.

Ewu kejì kò ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan wá. Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni omi àwọn adágún wọ̀nyí ti ń pọ̀ sí i. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé adágún Nakuru fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ohun aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ sì dín dé ìdajì. Omi òjò tí ó jẹ́ ayọ̀ fún àgbẹ̀ àti fún màlúù, ebi ni fún fìlàmíńgò. Asẹ́ àgógó rẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀ fún oúnjẹ mìíràn.

Àgbẹ̀ tí gbogbo èbù iṣu ọdún tí ń bọ̀ wà nínú aká kan ṣoṣo kì í jẹ́ kí iná sún mọ́ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Natron rí fún ẹyẹ yìí. A kò tíì yin ìbọn kan sí i kí a tó lè pa á run. Kí a yí omi rẹ̀ padà nìkan ti tó.