Godomey: Báwo la ṣe lè mọ̀ pé àwòrán kọ̀ǹpútà ò purọ́ fún wa?

Ẹni tó bá ti dúró ní carrefour Godomey rí mọ bí ọ̀nà ṣe ń pín níbẹ̀. Ẹni tó ń ti Cotonou bọ̀, tó fẹ́ lọ sí Ouidah, ọ̀tọ̀ ni ibi tó máa gbà. Ẹni tó ń lọ sí Calavi, Bohicon, Savè títí dé Parakou, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Tí a bá fẹ́ ya àwọn ọ̀nà yìí sórí kọ̀ǹpútà, a ò ní ya ilé, a ò ní ya igi. Àmì róbótó kan la máa fi dúró fún ìlú kọ̀ọ̀kan, a ó wá fa ìlà láti ìlú kan sí èkejì. Irú àwòrán yìí ni wọ́n ń pè ní graphe ní èdè Faransé.

Wọ́n lè fi irú rẹ̀ hàn wá lórí tẹlifóònù tàbí ní ìpàdé abúlé. Tí a bá rí àmì tó tóbi, a máa ń gbà pé ibẹ̀ lèrò pọ̀ sí. Tó bá kéré, a ó ní ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lérò. Ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n máa gbẹ́ kànga sí, tàbí ibi tí wọ́n máa kọ́ kíláàsì sí, lè wo àwòrán yẹn kó sì pinnu. Àmọ́ ta ló sọ fún kọ̀ǹpútà bí àmì kan ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn.

Bí iye èèyàn ṣe ń di ìtóbi àmì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú àwòrán yìí kì í fi ọwọ́ ara wọn kọ gbogbo iṣẹ́ náà. Wọ́n ń lo iṣẹ́ tí àwọn míì ti kọ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè mú lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni vis.js, tí ilé iṣẹ́ Almende ní Netherlands bẹ̀rẹ̀. Láti 2019, àwùjọ àwọn olùyọ̀ǹda ló ń bójú tó o. Apá tó ń ya irú àwòrán ìlú àti ọ̀nà yìí ń jẹ́ vis-network.

Inú rẹ̀ ni òfin kan wà tó ń sọ iye di ìtóbi. Tí a ò bá yí i padà, ibi tí iye rẹ̀ kéré jù máa gba ìwọ̀n 10, èyí tó pọ̀ jù máa gba 30, àwọn tó kù á wà láàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìkànìyàn ọdún 2013 dán an wò. Savè ní nǹkan bí 87.000 èèyàn, arrondissement Godomey ní nǹkan bí 253.000, Cotonou sì ní nǹkan bí 679.000. Kọ̀ǹpútà á yọ iye tó kéré jù kúrò nínú ti Godomey, ó ku 166.000. Á tún yọ ọ́ kúrò nínú ti Cotonou, ó ku 592.000. Tó bá fi èkejì pín èkíní, 0,28 ló máa rí. Láti 10 dé 30 jẹ́ 20. Tó bá sọ 20 di ìlọ́po 0,28, tó wá fi 10 kún un, ó di 15,6. Bí àmì Godomey ṣe máa tóbi tó nìyẹn: Savè 10, Godomey 15,6, Cotonou 30.

Kí ni ìdánwò náà?

Ẹ ronú nípa ìyá tó ń ta gàrí. Kó tó fi igbá tuntun wọn nǹkan fún oníbàárà, ó lè da gàrí tó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú rẹ̀, kó rí i bóyá igbá náà péye. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń kọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe. Wọ́n á kọ ìdánwò kékeré kan: «Tí mo bá fún ọ ní iye báyìí, èsì báyìí ló gbọ́dọ̀ jáde.» Tí èsì míì bá jáde, kọ̀ǹpútà á kéde pé ìdánwò náà kùnà. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, wọ́n á tún gbogbo ìdánwò náà ṣe, kì í sì í pẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ibi tó rọrùn nìkan la máa ń dán wò: tó kéré jù, tó pọ̀ jù, tó wà láàárín. Àwọn yẹn kì í sábà bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò fi gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, kó dé àwọn ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò.

Ibi àkọ́kọ́ ni ìgbà tí gbogbo iye bá dọ́gba. Ká ní abúlé mẹ́ta ní kànga kọ̀ọ̀kan. Iye tó pọ̀ jù ò yàtọ̀ sí èyí tó kéré jù. Tí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, òdo ló kù, a ò sì lè fi òdo pín nǹkan. Àwọn tó kọ vis.js ti rò ó: tó bá rí bẹ́ẹ̀, òfin wọn á mú ìdajì, gbogbo àmì á sì gba 20. Àmọ́ ó fàyè gba ẹnikẹ́ni láti fi òfin tirẹ̀ rọ́pò. Tí ẹni náà bá gbàgbé ọ̀rọ̀ òdo yìí, àmì lè pòórá lójú àwòrán láìsí ìkìlọ̀ kankan. Abúlé mẹ́ta ti sọnù nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Òdo yàtọ̀ sí «a ò mọ̀»

Ibi kejì ló ká wa lára jù. Abúlé kan tí kò ní kànga rárá, iye tirẹ̀ ni òdo. Abúlé míì wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dé láti kà. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Rárá o.

Nígbà tí a ya irú àwòrán yìí fúnra wa, abúlé tó ní òdo gba 10 bó ṣe yẹ. Èyí tí a ò kọ iye fún ńkọ́? Ó gba 25! Kì í ṣe pé vis.js ṣàṣìṣe. Òfin rẹ̀ ni pé àmì tí kò bá ní iye á dúró sórí ìwọ̀n tó ti wà fún gbogbo àmì tẹ́lẹ̀, ìyẹn 25. Àwa la ò béèrè. Ẹ wò ó: tó bá wà nínú àwòrán tí a fi Savè àti Godomey ṣe lẹ́ẹ̀kan, abúlé tí ẹnikẹ́ni ò kà á tóbi ju Godomey lọ.

Tó bá wá kan ìlà, òdìkejì ni. Ìlà tó ní iye máa ń nípọn láti 1 dé 15, èyí tí kò ní iye á sì dúró sórí 1. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò ka ọkọ̀ ibẹ̀ á wá jọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbà.

Nítorí náà, a fi ìdánwò méjì kún tiwa. Èkíní ní: ibi tó ní òdo gbọ́dọ̀ gba 10. Èkejì ní: ibi tí kò ní iye ò gbọ́dọ̀ jọ ibi tí a ti kà, àmì òfìfo tó ní àmì ìbéèrè nínú ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, ìkejì yìí kùnà. Inú wa dùn, torí ó sàn kó kùnà lọ́wọ́ wa ju kó kùnà níwájú àwọn tó fẹ́ pín kànga.

Ohun tí ìdánwò ò lè ṣe

Ìdánwò ò lè mọ̀ bóyá ẹni tó ka èèyàn kà á dáadáa. Kò sì lè tún ojú wa ṣe. Àmì Cotonou fẹ̀ ju ti Savè lọ ní ìlọ́po mẹ́ta péré, bẹ́ẹ̀ èèyàn ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ. Gbogbo ìdánwò á yege, ẹni tó fi ojú wọ̀n ọ́n lè ṣì í mú síbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n kọ iye sí ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan.

Torí náà, tí wọ́n bá gbé irú àwòrán yìí wá sí ìpàdé yín, ẹ má tijú, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: Kí ni àmì tó kéré jù dúró fún, kí ni tó tóbi jù dúró fún? Àwọn abúlé wo lẹ ò kà? Báwo la ṣe lè dá wọn mọ̀ nínú àwòrán? Tí ẹni tó gbé e wá ò bá rí ìdáhùn sí ìkejì, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ kà wọ́n ná.