Eṣinṣin Tó Ń Ba Máńgòrò Jẹ́: Oògùn Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Fín In

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ọlọ́gbà èso ní Dodowa, Somanya àti agbègbè Accra, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń lọ ra èso lóko wá tà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ọdún 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ rí eṣinṣin èso tó wá láti Éṣíà, Bactrocera dorsalis, ní Gánà. Ọdún 2003 ni wọ́n ti rí i ní Kẹ́ńyà.

Ẹ mú máńgòrò tó ń pọ́n bọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ yẹ èèpo rẹ̀ wò. Ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́, tí omi ń sun níbẹ̀, ibẹ̀ ni abo eṣinṣin yé ẹyin sí. Kò ju bí ọjọ́ méjì lọ, ẹyin ti di ìdin. Ìdin á jẹun yó nínú èso, á já sílẹ̀, á wọ inú iyẹ̀pẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti di eṣinṣin mìíràn. Oògùn tí a fín sára igi kò dé ọ̀dọ̀ ẹyin inú èso, kò sì dé ọ̀dọ̀ èyí tó wà nínú ilẹ̀. Ẹni tó ń fi pọ́ǹpù wẹ igi láti òkè délẹ̀ ń náwó dànù ni. Ó tún ń pa àwọn èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́lé lórí igi, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ti rí i ní orílẹ̀-èdè Benin pé èèrà yìí ń lé eṣinṣin èso.

Oúnjẹ ni kí a fi mú eṣinṣin náà. Abo ń wá púrótéènì jẹ kí ẹyin rẹ̀ tó gbó, nítorí náà la ṣe ń lo oúnjẹ tí wọ́n ti po oògùn mọ́, irú GF-120. Ojú kan lára ewé igi kọ̀ọ̀kan, bíi mítà kan níbùú lóròó, ti tó. Ẹ má fín in sára èso. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí èso tó máa pọ́n, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹ ó fi ká a tán. Bí òjò bá fọ̀ ọ́, ẹ tún un fín.

Ẹ máa ṣa èso tó bá já sílẹ̀, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìdajì mítà, tàbí kí ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, kí ẹ sá a sóòrùn. Láìṣe èyí, oògùn kò ní ràn yín.

Ẹ má ra oògùn tí wọ́n rọ sínú ìgò omi, tàbí èyí tí EPA, iléeṣẹ́ ìjọba Gánà tó ń mójú tó àyíká, kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú àti ẹnu. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ PPRSD, ẹ̀ka ìjọba tó ń dáàbò bo irúgbìn, ní Pokuase.

Láti oṣù kẹsàn-án 2019 ni Yúróòpù ti mú òfin le sí i lórí máńgòrò tó ń wọlé. Ìdin kan lè mú kí wọ́n dá gbogbo ẹrù padà. Eṣinṣin kò sì mọ ààlà oko. A bẹ̀ yín, ẹ bá aládùúgbò oko yín sọ ọ́, kí ẹ jọ mú ọjọ́ kan náà tí gbogbo yín yóò máa fín oògùn.