Epo Pupa Kì í Ṣe Agboòrùn

Àfín ni ọmọ àbúrò ìyá mi tí ó ń gbé ní Ọ̀kà Àkókó. Ní ọjọ́ ọjà kan ní Ìkàrẹ́, mo bá a níbi tí ó ti ń ta ata nínú oòrùn, kò dé fìlà, epo pupa sì ń dán ní apá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní fítámì A inú epo ń lé jẹjẹrẹ awọ ara."

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Epo pupa kún fún beta-carotene, tí ara ń sọ di fítámì A. Fítámì yìí wà lára ohun tí ń darí bí sẹ́ẹ̀lì awọ ara ṣe ń dàgbà. Ní 1988, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ròyìn pé isotretinoin, oògùn tí ó bá fítámì A tan, dín jẹjẹrẹ tuntun kù lára aláìsàn 5 tí a bí àìfaradà oòrùn mọ́. Nígbà tí wọ́n dá oògùn dúró, jẹjẹrẹ tún ń yọ. Oògùn ọ̀hún sì lè ba oyún jẹ́.

Ní 1990, èsì ìwádìí lórí ènìyàn 1,805 jáde. Ọdún 5 ni àwọn kan fi lo beta-carotene. Kò dènà jẹjẹrẹ awọ ara tuntun.

Ẹ jẹ́ kí epo máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọbẹ̀. Fìlà gbàǹgbà, aṣọ alápá gígùn àti ibòji ni ààbò àfín. Egbò tí kò bá tètè jinná, ẹ gbé e lọ fún dókítà.

Mo fi agboòrùn mi sílẹ̀ fún un. Ó ṣí i, ó sì ń ta ata rẹ̀ lọ.