Kí ni kòrónà ń wá nínú ọpọlọ?

Ẹni tí kò bá gbóòórùn irú nínú ọbẹ̀, nǹkan ń ṣe é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri àgbáyé lọ́dún 2020 nìyẹn: ikọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, ara kò tíì gbóná, àmọ́ imú ò gbóòórùn mọ́. Àwọn dókítà tí wọ́n ka kòrónà sí àrùn ẹ̀dọ̀fóró wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Imú kò kúkú jìnnà sí ọpọlọ. Awọ tí a fi ń gbóòórùn wà lókè pátápátá nínú ihò imú, iṣan tó sì ti ibẹ̀ jáde gba inú eegun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ agbárí tààrà.

Wuhan, níbi tí àrùn náà ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, ni ẹ̀rí ti kọ́kọ́ jáde. Nínú aláìsàn 214 tí wọ́n yẹ ìwé ìtọ́jú wọn wò, 78 ló ní àmì tó kan ọpọlọ tàbí iṣan: òòyì, orí fífọ́, iyè tí kò jí pépé, kódà àrùn rọpárọsẹ̀. Lóṣù Kẹrin ọdún 2020, àwọn dókítà Mount Sinai ní New York kọ̀wé pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, rọpárọsẹ̀ kọ lu èèyàn márùn-ún tí wọn ò tíì pé 50 ọdún, tí gbogbo wọn sì ní kòrónà. Tẹ́lẹ̀, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kì í sábà pé ẹyọ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní àríwá Ítálì, àwọn márùn-ún mìíràn ní àìsàn Guillain-Barré, èyí tí ọmọ ogun ara fi ń bá iṣan ara ẹni jà, tí ẹsẹ̀ á rọ, tí mímí gan-an lè dogun.

Ṣé kòkòrò náà gba ihò imú wọ ọpọlọ ni? Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò nìyẹn, èmi náà ò sì bá wọn jiyàn nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n kí fáírọ́ọ̀sì yìí tó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan tó ń jẹ́ ACE2 lára rẹ̀ dì mú. Sandeep Robert Datta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard wò ó fínnífínní, wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń gbóòórùn kò ní i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí wọn ká, tó ń bọ́ wọn, tó ń tọ́jú wọn, ló ní i. Ọba kò kú. Àwọn ìránṣẹ́ ààfin ló dùbúlẹ̀ àìsàn, tí iṣẹ́ fi dúró. Ìdí nìyẹn tí imú ọ̀pọ̀ jù lọ fi là láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Fún àwọn tí tiwọn kò tètè là, ìtọ́jú tí àwọn dókítà sábà ń júwe kò ju pé kí wọ́n máa fa òórùn mẹ́rin símú láàárọ̀ àti lálẹ́ fún oṣù mélòó kan: òdòdó róòsì, ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù, kànáfùrù àti yúkálípítọ́ọ̀sì.

Nígbà tí àwọn oníwádìí ilé iṣẹ́ ìlera Amẹ́ríkà tí Avindra Nath ń darí yẹ ọpọlọ àwọn tí àrùn náà pa wò, wọn ò rí fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti bàjẹ́, tó ti ń jò, ni wọ́n rí. Nítorí náà, ìjà tí ara ń bá àlejò jà àti ẹ̀jẹ̀ tó ń dì ló ń ṣe púpọ̀ nínú ìbàjẹ́ yìí.

Ìwádìí tó kó jìnnìjìnnì bá ayé wá láti Oxford. Kí kòrónà tó dé ni àjọ UK Biobank ti ń ya àwòrán ọpọlọ àwọn ará Bìrìtìkó, oríire tó ṣọ̀wọ́n ni. Gwenaëlle Douaud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán méjì wéra fún èèyàn 785 tó ti lé ní 50 ọdún. Àwọn 401 ti kó kòrónà láàárín àwòrán méjèèjì, 15 péré nínú wọn ló sì dé ilé ìwòsàn. Lóṣù Kẹta ọdún 2022 ni èsì jáde: apá ọpọlọ tó jẹ mọ́ òórùn àti ìrántí ti fi ìdá 0.2 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ju ti àwọn tí kò kó o lọ. Lọ́jọ́ orí bẹ́ẹ̀, apá ìrántí máa ń dín kù ní bí ìdá 0.2 sí 0.3 lọ́dún kan lásán.

Àwọn kan ti gbé èyí lé ẹ̀rọ ayélujára pé kòrónà ń jẹ ọpọlọ. Ẹ má dá wọn lóhùn. Imú tí kò gbóòórùn mọ́ fúnra rẹ̀ lè mú kí apá ọpọlọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ rù, àwọn oníwádìí náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú UK Biobank. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham, ní London, kò tó nǹkan níbẹ̀.

Èyí tó kan ìgbé ayé ojoojúmọ́ jù ni iyè tí kò dúró sójú kan: kéèyàn wọ yàrá kó má rántí ohun tó wá mú, kó ka ìwé kó má mọ ohun tó kà. Lọ́dún 2024, Imperial College ní London gbé èsì ìdánwò ọpọlọ jáde, èyí tí èèyàn 112,964 ṣe parí ní England. Tí a bá fi òṣùwọ̀n IQ wọ̀n ọ́n, àwọn tó ti gbádùn fi bíi máàkì 3 rẹlẹ̀ sí àwọn tí kò kó o rí. Àwọn tí àìsàn ṣì wà lára wọn fi bíi 6. Àwọn tó dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe fi bíi 9. Àwọn tí àrùn náà pẹ́ lára wọn, àmọ́ tí gbogbo àmì rẹ̀ ti wá kúrò tán, ṣe dáadáa bí àwọn tí tiwọn kò pẹ́ rárá.