Kí Lẹ Fẹ́ Fi Igba Líǹkì Ṣe, Ẹ̀yin Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ gba fóònù tíṣà tó ń ṣe lesson fọ́mọ l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, ẹ máa rí i pé ẹrù ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Gúrúùpù WhatsApp mẹ́ta, chánẹ́ẹ̀lì Telegram kan, PDF tí wọn ò ṣí rí, líǹkì lórí líǹkì. Ọjọ́ tí ọmọ bá wá jókòó tán, wọ́n á tún lọ bẹ Google.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù yẹn, ọmọ ilẹ̀ ibòmíì ni wọ́n ṣe é fún. Yìnyín ń bọ́ nínú àwòrán, wọ́n ń jẹ tòlótòló Thanksgiving, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sì ni bí wọ́n ṣe ń sọ "hello". Ọmọ Mushin ti mọ "hello" kó tó wọ nọ́sìrì. Ohun tó ń dà á láàmú yàtọ̀.

Ẹ sáà gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Á ní "my sister, he is crying". Orí ẹ̀ pé o! "Ó" kan náà la fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin lédè wa. Tó bá kan màmá ẹ̀, á ní "they are coming", torí "wọ́n" là ń pe àgbà. "Think" á di "tink", "very" á di "fẹ́rì", torí a ò ní àwọn ìró yẹn. Kọ́nsónáǹtì méjì kì í tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́nu wa, ìyẹn ni "bread" ṣe di búrẹ́dì. Ká má tíì wá sọ ti ọmọ Ìbàdàn tó ń jẹ "fis" (ẹ má bínú, ará ilé).

Nítorí náà, ẹ kọ àṣìṣe ọmọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ná, kẹ́ ẹ tó wá ohunkóhun. "English for beginners" tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ sí Google ló ń kó yìnyín wá. Ẹ tẹ "he and she exercises", ẹ máa rí ìyàtọ̀.

Tó bá jẹ́ ìró ọ̀rọ̀, fídíò wà lọ́dọ̀ BBC Learning English tó ń fi bí ẹnu ṣe ń ṣí hàn. YouGlish náà dáa: ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan, á gbé àwọn tó ń sọ ọ́ lórí YouTube jáde fún yín. Tíṣà tí kò mọ bó ṣe máa pín ìṣẹ́jú ogójì, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà ní TeachingEnglish ti British Council.

Àmọ́ African Storybook lèmi fẹ́ràn jù. Àjọ Saide ní South Africa ló dá a sílẹ̀. Ìtàn ọmọdé ló kún ibẹ̀, èdè Áfíríkà lóríṣiríṣi, Yorùbá ń bẹ níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà ń bẹ. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé láìsan kọ́bọ̀. Ẹ ka ti Yorùbá fọ́mọ kó yé e, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣí ti Gẹ̀ẹ́sì. Òbí kan á ní "Gẹ̀ẹ́sì ni mo sanwó fún o". Ẹ sọ fún wọn pé láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ n'Ífẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fọ́dún mẹ́fà ní pírámárì, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tó ní tíṣà tiẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn sí tàwọn tó kù.

Ti dátà ńkọ́? 6 Minute English ti BBC ṣeé dáńlóòdù, ohùn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi Bluetooth pín in fọ́mọ.

Ẹ má sì fi í dọ̀la. Láti 1959 ni VOA ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì jẹ́jẹ́ ka ìròyìn fẹ́ni tó ń kọ́ èdè náà. Nígbà tó di oṣù kẹta 2025, ìjọba Trump ní kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ VOA lọ jókòó sílé. Ẹni tó bá ti dáńlóòdù tiẹ̀ sórí memory card, tiẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.