Ọparun Etí Odò àti Èrè Rẹ̀

Àgbẹ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò ka ọparun sí, nítorí pé wọn kò ro ìdí rẹ̀, wọn kò sì da omi sí i; ní etí odò ni ó ń dá dàgbà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn a ti iná bọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ lè mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sun ọparun, ohun ìní ara rẹ̀ ni ó sun.

Bí ọparun tilẹ̀ ga bí igi, ẹ̀yà koríko ni, ìbátan àgbàdo àti ìrèké. Ní àkókò òjò ni ọ̀mùnú rẹ̀ máa ń yọ, pẹ̀lú gbogbo sísanra tí yóò ní ní ọjọ́ ayé rẹ̀, láàárín oṣù díẹ̀ ni ó sì ti ga tán. Síbẹ̀ gíga kì í ṣe gbígbó: ó di ọdún 3 tàbí 4 kí ara rẹ̀ tó le.

Òun ni iṣu ń fà mọ́ lóko, òun ni a fi ń ká ọsàn, òun ni a fi ń kan àkàbà. Ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn kọ́lékọ́lé a máa fi gbé àjà síméǹtì ró títí yóò fi gbẹ. Ẹni tí ó bá ta èyí tí kò gbó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ọmọnìkejì rẹ̀ ni ó fi ń ṣeré, nítorí yóò ṣẹ́ lábẹ́ ẹrù.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ kí a gé ọparun, nígbà tí kò sí ọ̀mùnú tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ pa. Kí a ṣa èyí tí ó gbó, kí a sì dá ọ̀dọ́ sí. Kí a gé e ní òkè oríkèé gẹ́lẹ́. Bí kùkùté bá dà bí ago, òjò a kún un, ẹ̀fọn a sì pamọ sínú rẹ̀, àní irú èyí tí ń gbé ibà pọ́njú kiri. Lẹ́yìn èyí, kí a rì í sínú odò tí ń ṣàn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí omi lè fọ adùn tí kòkòrò ń wá kúrò nínú rẹ̀.

Èrè mìíràn wà tí a kì í kà lówó. Gbòǹgbò ọparun di etí odò mú. Níbi tí a bá ti run ún, àgbàrá a wọ́ ilẹ̀ lọ. Bákan náà, èédú àti epo rọ̀bì tí aráyé ń jó ti sọ èéfín kábọ́ọ̀nù di púpọ̀ lójú òfuurufú, ayé ń gbóná, àsìkò òjò sì ń dàrú mọ́ àgbẹ̀ lójú. Gbogbo ewéko ni ó ń fa kábọ́ọ̀nù yìí sára, ọparun sì ń fà á kíákíá nítorí pé ó ń yára dàgbà. Bí a bá fi kan àga tàbí kọ́ ilé, yóò wà níbẹ̀ pẹ́. Bí a bá sun ún, ní ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ padà sí òfuurufú.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Agbo ọparun tí a bá ń ṣa lọ́dọọdún, tí a kò sì sun, yóò bọ́ bàbá, yóò sì kù fún ọmọ.